Lẹ́tà Inú Kòtò

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀ọ́, dúró ná. Bí lẹ́tà ẹlòmíì bá gba ọwọ́ rẹ kọjá, má tú u. Bí o bá ti wá tú u, rí i pé o kà á dé ìsàlẹ̀. Bí ìdùnnú ò bá sì jẹ́ kí o kà á dé ìsàlẹ̀, fi í mọ sínú ara rẹ, má sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni létí, ì báà ṣe ọmọ rẹ. Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́. Mo ti wí tèmi, mi ò sì wí i sókè.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Afárá. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó oògùn pamọ́, tó ń pín in fún àwọn ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé ó mọ oògùn o. Páálí ló kọ́kọ́ ń gbé níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ní kó bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe di wáyà mú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó di wáyà mú. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé, kò tíì fi í sílẹ̀.

Iṣẹ́ tó wá ń ṣe, kò rọrùn láti là yé ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gan-an, "kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ń ṣe" ló máa ń sọ fún èèyàn, ó parí. Bó ṣe rí nìyí. Ilé-iṣẹ́ náà ní ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń béèrè oògùn. Ó ní òmíràn tó mọ ohun tó wà lórí pẹpẹ nínú ilé ìkẹ́rù. Ó ní èyí tó ń darí ọkọ̀, ó sì ní èyí tí àwọn tó ń ra nǹkan fún ilé-iṣẹ́ ń lò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tó gbọ́ èdè èkejì rẹ̀. Ọ̀kan á kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù, òmíràn á kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Bí kò bá sí ẹni tó dúró láàárín wọn, oògùn tó yẹ kó jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ni ẹ̀rọ á máa wá lọ, ọjọ́ tó ti kọjá, aláìsàn á sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá Afárá àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń kọ ohun tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀kan, tó ń túmọ̀ rẹ̀, tó ń gbé e fún èkejì. Lẹ́tà ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá. Èyí tó bá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, tí kò dé ibi tó ń lọ, ibì kan wà tó máa ń já sí. Kòtò ni wọ́n ń pe ibẹ̀.

Àràárọ̀ ni Bàbá Afárá máa ń yẹ kòtò wò. Ẹ̀yìn àpòòwé nìkan ló gbọ́dọ̀ kà: ta ló fi í ránṣẹ́, síbo, kí ló gbé e ṣubú. Inú rẹ̀, èèwọ̀ ni, àfi tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí ìwé pé kó tú u. Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà tí ilé-iṣẹ́ ń rà náà wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń tú lẹ́tà, ọjọ́ yẹn náà ló ń lọ, lọ́wọ́ òfo, bó ti wù kó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́.

Yàrá wọn wà ní àjà kejì. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní, ògiri ló kọjú sí. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sínú garawa, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń da omi rẹ̀ nù. Mẹ́rin ni wọ́n níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ti fura, ó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá ku mẹ́ta. Bàbá Afárá lẹ́nì kìíní. Ẹnì kejì ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, torí pé ó tín-ín-rín, ó sì mú. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń ṣiṣẹ́ àdéhùn, wọn ò tíì gbà á tán. Ẹnì kẹta ni Aláwàdà, tí aago mẹ́sàn-án ò ní í bá lórí àga láéláé. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń ṣí ẹ̀rọ. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Kò dára bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò dára. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá Inú Dígí pè wọ́n. Yàrá ọ̀gá yìí, dígí ni yíká. Ẹni tó bá ń gba ìbínú níbẹ̀, gbogbo àjà ló ń bá a gbà á.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni ọ̀gá wí, "àwọn ará òkè ti sọ̀rọ̀. Kó tó di oṣù mẹ́ta sí àkókò yìí, ẹni tó bá máa jókòó sí yàrá yín gbọ́dọ̀ ní sátífíkéètì. Ìdánwò méjì ló wà. Ẹ lè kọ ti ètò ìsopọ̀ tí à ń lò báyìí, ẹ sì lè kọ ti tuntun tí gbogbo ayé ń pariwo. Ọ̀kan péré ni ilé-iṣẹ́ máa san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ èyí tí ẹ bá yàn sínú fọ́ọ̀mù kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa yàn o. Kò sí pé mo ṣì í yàn."

Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ sókè. "Sà, nínú méjèèjì, èwo ni ilé-iṣẹ́ fẹ́ máa lò?"

"Méjèèjì ló dára."

"Mi ò bèèrè bóyá ó dára, sà."

Ọ̀gá wo òkè àjà, ó wo tábìlì. "Ẹ má bínú. Wọn ò tíì sọ fún èmi náà."

Òótọ́ ló sọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Aláwàdà ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ní ká gbé ìyàwó, wọn ò jẹ́ ká mọ ilé tí a máa gbé e wọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọ̀kan nínú ètò méjèèjì ni wọ́n máa jù nù, ẹni tó bá sì di èyí tí wọ́n jù nù mú, wọ́n á jù ú mọ́ ọn.

Bàbá Afárá délé, kò jẹun dáadáa. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni, aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ló ń rán. Bàbá Afárá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé.

"Èwo lẹ mọ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè, kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ.

"Ti àtijọ́. Bí wọ́n bá dì mí lójú, màá ṣe é."

"Tuntun ńkọ́?"

"Ibi tí wọ́n ti ń ṣe tuntun, kì í ṣe ìbéèrè nìkan. Wọ́n á gbé ètò méjì síwájú rẹ, wọ́n á ní so wọ́n pọ̀ lójú wa, aago ń lọ. Orí ẹ̀rọ tí èèyàn ń yá lò lókèèrè ni, ẹ̀rọ tí mi ò fojú rí rí. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé rẹ̀ náà le."

"Èwo wá ni wọ́n fẹ́?"

"Wọn ò sọ."

Ìyàwó dá ẹ̀rọ dúró. "Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, tí kò sọ bóyá ṣòkòtò ni àbí ṣẹ́ẹ̀tì, mi ò ní í fi àlùmọ́gàjí kàn án. Àmọ́ ẹ̀yin, Bàbá Ọmọ, wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí lé yín lọ́wọ́."

Ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí Bàbá Afárá ní láyé ni ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Girama, ó dé agbedeméjì, ó dúró. Bí yàrá yẹn bá lé e, kò sí yàrá mìíràn tó máa bi í ní ohun tó mọ̀. Ìwé ni wọ́n máa bèèrè. Èyí ni ohun tó ń bà á lẹ́rù, kò sì sọ ọ́ jáde, torí pé ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Aláwàdà ti kún fọ́ọ̀mù tirẹ̀: tuntun.

"Kí lo rí tí o fi yan tuntun?" ni Bàbá Afárá bi í.

"Ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ló sún mọ́ ilé mi. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni."

"Ìwọ yìí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò mọ ọ̀nà, èyí tó sún mọ́ ọn ni kó gbà."

Abẹ́rẹ́ náà, tuntun ló fẹ́ yàn, àmọ́ tirẹ̀ kì í ṣe eré. Oṣù mẹ́rin ló ti ń kà á. Ìwé àjákọ mẹ́ta ló ti kún, ó fi pupa fàlà sábẹ́ ohun tó le. Bí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán, á máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, á máa dá ara rẹ̀ lóhùn. Bàbá Afárá ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó dé, ó mú ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni mú ọwọ́ ọmọ sọdá títì. Báyìí, ọmọ ti sọdá, ó ti ń sáré.

Ní ọjọ́rú, Bàbá Afárá dé ní aago méje kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó da omi garawa nù. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó yẹ kòtò wò. Lẹ́tà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti oṣù náà ni. Ẹ̀kẹrin ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rajà wá. Ó wo ẹ̀yìn àpòòwé. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ni ilé-iṣẹ́ tó ni ètò ìsopọ̀ ti àtijọ́.

Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnì kan. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó gbé ọwọ́ kúrò. Omi ń kán, tó, tó, tó. Ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Ó tú u.

"A fẹ́ tún àṣẹ ìlò yín gbà fún ọdún márùn-ún sí i." Déètì ọdún yìí ló wà lókè rẹ̀. Ọdún márùn-ún! Bàbá Afárá ò kà ju ibẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ ṣú, ó mọ́. Ó pa lẹ́tà náà dé bí ẹni pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọmọ tó ń sùn. Wọn ò jù ú nù! Ti àtijọ́ ni wọ́n máa lò! Ó fa fọ́ọ̀mù rẹ̀ yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀, kálámù fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ìwé ya.

Ká ní ó dúró síbẹ̀, òun nìkan ni ì bá jìyà. Ṣùgbọ́n inú ẹni tó ń bẹ̀rù, tí ẹ̀rù wá tú lára rẹ̀, kì í gba ayọ̀ náà tán. Ó ronú kan Abẹ́rẹ́. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó bá a ní orí àtẹ̀gùn, ní aago mẹ́jọ, ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Fọ́ọ̀mù rẹ dà?"

"Ó wà nínú báàgì. Ẹ kú àárọ̀ náà, Ẹ̀gbọ́n."

"Má kọ tuntun."

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti tètè mu kọfí lónìí."

"Mi ò bá ọ ṣeré. Ti àtijọ́ ni kí o kọ. Ti àtijọ́ ni wọ́n máa lò, ọdún márùn-ún gbáko."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Má bèèrè."

"Ẹ̀gbọ́n, oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ń ka ìwé yìí. Ojú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ẹ fẹ́ kí n dà á nù, ẹ sì ní kí n má bèèrè?"

Bàbá Afárá wo òkè àtẹ̀gùn, ó wo ìsàlẹ̀. "Ojú mi ló rí i. Ṣé mo ti ṣì ọ́ lọ́nà rí?"

Kò tíì ṣì í lọ́nà rí. "Rárá," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Ó dáa. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi ọ́, èmi kọ́ o. Jọ̀ọ́. Èmi kọ́."

"Ẹnu mi kì í ṣe ajere, Ẹ̀gbọ́n," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ.

Wọ́n kọ ìdánwò náà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Gbọ̀ngàn tútù kan ni, wọ́n gba aago ọwọ́ wọn, wọ́n gba fóònù wọn, wọ́n fi kámẹ́rà sójú wọn. Títí dé ìbéèrè kẹwàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Afárá ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó rí i pé gbogbo ohun tí wọ́n ń bi òun, òun ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Ọ̀kan péré ló fẹ́ mú un, níbi tí wọ́n bi í pé kí ló yẹ kó ṣe bí lẹ́tà bá já sí kòtò. Ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ ò sí nínú ìdáhùn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó mú èyí tí ìwé fẹ́. Ó gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Abẹ́rẹ́, tó yan ti àtijọ́ náà, gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ìyàwó Bàbá Afárá fi férémù sí sátífíkéètì náà, ó gbé e kọ́ sókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, gbogbo ìyá tó bá wá gba aṣọ ọmọ ló sì ń fi í hàn. Aláwàdà fìdí rẹmi ní tirẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó tọrọ owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún un kọ, ó fi àmì méjì yege.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ayọ̀ náà fi gbé.

Ìwé wá láti òkè pé láti ìparí oṣù, ètò ìsopọ̀ tuntun ni ilé-iṣẹ́ máa lò. Ti àtijọ́ ti parí. Ẹni tó bá ní sátífíkéètì ti tuntun á dúró. Àwọn yòókù, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún iṣẹ́ takuntakun.

Bàbá Afárá kà á nígbà mẹ́ta. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní lẹ́tà ńkọ́? Kò sọ ọ́ sókè. Ṣùgbọ́n Aláwàdà, tí kò mọ nǹkan kan, òun ló tú àṣírí náà sílẹ̀, bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì.

"Ẹ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń rajà! Láti ìgbà tí wọ́n ti ní ká yan ìdánwò ni wọ́n ti ń yẹ ètò tuntun wò. Wọ́n gbé lẹ́tà ọdún mẹ́fà sẹ́yìn kan, wọ́n pààrọ̀ déètì orí rẹ̀, wọ́n jù ú sójú ọ̀nà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó máa dé. Wọn ò kọ 'àyẹ̀wò' síwájú rẹ̀. Lẹ́tà bá ṣìnà, ó já sí kòtò tiwa! Ẹ ò rántí rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mi ò rántí," ni Bàbá Afárá wí.

Ọ̀sán yẹn, nígbà táwọn méjèèjì jáde, ó tún tú u. Ó kà á dé ìsàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó fọwọ́ sí i ni olórí àwọn tó ń rajà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Bàbá Afárá wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó gbé àga.

Òkú ló fọwọ́ sí i. Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá Afárá máa ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nìyí: déètì lókè, ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ rẹ̀; ìsàlẹ̀ ni kí o wò. Òun ló kọ́ Abẹ́rẹ́. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Inú Dígí pe òun àti Abẹ́rẹ́, àwọn méjì tó yan ti àtijọ́. Ó ti ilẹ̀kùn. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ jókòó. Bàbá, ẹ jókòó." Ó tẹ ìwé náà síwájú. "Àwọn tó ń yẹ ètò wò rí nǹkan kan. Lẹ́tà kan wà nínú kòtò yín, tí wọ́n tú láìgba àṣẹ. Ọjọ́rú, aago méje kù díẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí ẹ kún fọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ ìwọlé yàrá yín ni, wọn ò sì lè mọ ẹni tó jẹ́, torí pé ẹyọ kan lẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò. Mo ti mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà." Ó yí sí Abẹ́rẹ́. "Àbúrò, ìwọ ni mo fẹ́ bi. Oṣù mẹ́rin lo fi ń ka tuntun. Gbogbo wa là ń rí ọ. Kí ló dé tí o fi yan àtijọ́ ní ọjọ́rú yẹn?"

"Mo yí ọkàn padà, sà."

"Ní ọjọ́ yẹn gan-an?"

"Ní ọjọ́ yẹn, sà."

Ọ̀gá fi ọwọ́ pa ojú. "Fetí sílẹ̀ dáadáa. Mo ti bá àwọn ará òkè sọ̀rọ̀ nítorí rẹ. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣì ọ́ lọ́nà, wọ́n á jẹ́ kí o kọ tuntun lóṣù tó ń bọ̀, wọn ò sì ní í gba àga lábẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó tú u, tó wá sọ fún ọ. Bó bá sì jẹ́ ìwọ lo tú u, sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tú u máa lọ lónìí, láìgba kọ́bọ̀. Òfin ni. Kì í ṣe èmi ló ṣe é."

Ẹ̀yìn dígí, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń díbọ́n pé àwọn ò wo inú.

Abẹ́rẹ́ kò wo ọ̀gá. Bàbá Afárá ló ń wò. Kò wò ó bí ọ̀tá. Ó ń wò ó bí ẹni tó dúró létí títì, tó ń retí kí wọ́n mú òun lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ni. *Èmi ni, sà.* Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pẹ̀lú, owó ìdágbére tí wọ́n ṣì máa fún un nígbà tó bá ń lọ ní ìparí oṣù, ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ férémù. Ẹnu rẹ̀ là.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, "ṣé mo lè rí omi mu?"

Ọ̀gá bu omi fún un. Ó mu ún. Kò gbé ojú kúrò nínú ife.

Nígbà tó ṣe, ó gbọ́ tí Abẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù. Ó gbọ́ tó fa síìpù báàgì rẹ̀.

"Àbúrò," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ìgbà tí mo máa bi ọ́ kẹ́yìn nìyí. Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo ti sọ pé mo yí ọkàn padà, sà."

"Ìwọ nìkan lo máa pàdánù àǹfààní yìí o. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ má bi mí mọ́. Mi ò ní í tún sọ nǹkan kan mọ́."